Wọ́n ní ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n ti ń ṣàyẹ̀wò aláìsàn: Bí wọ́n ṣe pín in sí ìsọ̀rí, àti ohun tó kan ará Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ níbẹ̀

Láyé ìgbà kan, bí ara kò bá yá èèyàn ní Ìkòròdú tàbí ní Ẹ̀pẹ́, àgbo ni wọn yóò kọ́kọ́ gbé kaná fún un. Bí àgbo náà kò bá ran àìsàn ọ̀hún, wọn yóò dé ọ̀dọ̀ oníkẹ́míìsì tó wà lẹ́bàá títì. Bí ọ̀rọ̀ bá sì ti kọjá ohun tí oníkẹ́míìsì lè dá sí ni wọn yóò tó wọkọ̀ lọ sí Ọsibítù Jẹ́nẹ́rà. Lóde òní, ohun mìíràn ti kún un. Kí ìyá àgbà tó tú gèlè orí rẹ̀, ọmọ-ọmọ rẹ̀ ti yọ fóònù lápò, ó ti tẹ ohun tó ń ṣe ìyá náà sórí rẹ̀, fóònù sì ti dáhùn pé ó lè jẹ́ ibà, ó sì lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ríru, kí ìyá máa mu omi dáadáa, kí wọ́n sì sinmi. Kò sí dókítà kankan nídìí ìdáhùn yẹn. Ẹ̀rọ ló sọ ọ́, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ọgbọ́n àtọwọ́dá sí nínú, èyí tí gbogbo ayé ń fi ìkékúrú orúkọ rẹ̀ pè, AI.

Orúkọ kan ṣoṣo yìí ló wá ń da ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn rú. Nínú èdè Yorùbá, ọkọ̀ là ń pe èyí tí apẹja ń fi àjẹ̀ wà lójú ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́, ọkọ̀ náà là ń pe dánfó tó ń kó èrò ní Sábó, Ìkòròdú, ọkọ̀ sì ni tírélà tó ń kó ẹrù jáde láwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá tó wà ní Odòńgúnyàn. Síbẹ̀, kò sí ẹni tó máa gbé kọ́kọ́rọ́ tírélà fún apẹja nítorí pé òun náà mọ ọkọ̀ ọ́ wà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lọ̀rọ̀ AI rí nínú ètò ìlera. Èyí tó ń rán aláìsàn létí pé àsìkò oògùn ti tó, AI ni. Èyí tó ń wo àwòrán igbá-àyà láti mọ̀ bóyá àrùn wà nínú ẹ̀dọ̀fóró, AI ni. Èyí tó ń bá ilé ìwòsàn ṣírò iye oògùn ibà tí wọn yóò lò lóṣù tó ń bọ̀, AI náà ni. Ẹnì kan yóò ní AI dára, ẹlòmíràn yóò ní ewu ló jẹ́, àwọn méjèèjì kò sì sọ èyí tí wọ́n ní lọ́kàn.

Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ti rí i pé ìdàrúdàpọ̀ irú èyí ń bọ̀. Lọ́dún 2018 ni wọ́n gbé ìwé kan jáde, tí wọ́n fi pín àwọn iṣẹ́ ìlera tó ń lo kọ̀ǹpútà àti fóònù sí ìsọ̀rí-ìsọ̀rí, wọ́n sì tún un ṣe lọ́dún 2023. Ohun tó dáa nínú rẹ̀ ni pé kì í ṣe irú ẹ̀rọ tó wà nínú iṣẹ́ náà ni wọ́n fi pín in. Ẹni tí iṣẹ́ náà wà fún, àti ohun tó ń bá onítọ̀hún ṣe, ni wọ́n wò. Ìsọ̀rí kìn-ín-ní ni èyí tó ń bá aláìsàn tàbí ará ìlú fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ìkejì wà fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera, ìyẹn dókítà, nọ́ọ̀sì, agbẹ̀bí àti àwọn tó ń ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ìkẹta wà fún àwọn alákòóso tó ń ṣètò owó, oògùn àti òṣìṣẹ́. Ìkẹrin ni èyí tí aláìsàn kì í fojú rí rárá, tó ń kó àkọsílẹ̀ jọ, tó ń tò ó, tó sì ń gbé e láti ibì kan dé ibòmíràn.

Kì í kúkú ṣe pé àwọn èèyàn kàn fẹ́ràn ẹ̀rọ ju dókítà lọ. Dókítà ni kò tó. Mínísítà fétò ìlera, Ọ̀jọ̀gbọ́n Muhammad Ali Pate, sọ lọ́dún 2025 pé dókítà tó lé ní 16,000 ló ti fi Nàìjíríà sílẹ̀ láàárín ọdún márùn-ún sí méje. Lóòótọ́, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ní Ọsibítù Jẹ́nẹ́rà ní Ìkòròdú, ó ní ní Ìjẹ̀dẹ́, ó ní ní Agbówà, ó sì ní ní Ẹ̀pẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì níbi tí wọ́n ti ń retí dókítà láti aago méje àárọ̀ kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún un ìdí tí èèyàn fi máa ń bi fóònù léèrè.

Fóònù yẹn ló wà ní ìsọ̀rí kìn-ín-ní. Àwọn kan wà níbẹ̀ tí wọ́n dìídì ṣe fún ìlera. Ilé-iṣẹ́ mDoc, tó fi Èkó ṣe ibùjókòó, ń lo irú rẹ̀ láti gba àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru nímọ̀ràn lórí oúnjẹ àti ìtọ́jú ara. Àwọn mìíràn, bíi ChatGPT, wọn kò ṣe wọ́n fún ìṣègùn ní pàtó, gbogbo ìbéèrè ayé ni wọ́n ń dáhùn, ti àìsàn sì wà lára rẹ̀. Ohun tí gbogbo wọn fi jọra ni pé ohun tí wọ́n bá sọ fún wọn nìkan ni wọ́n mọ̀. Ká ní aboyún kan wà ní abúlé kan létí ọ̀sà lápá Ẹ̀pẹ́, tí orí ń fọ́ ọ, tí ojú rẹ̀ ń ṣú, tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wú. Bó bá jẹ́ “orí ń fọ́ mi” nìkan ló tẹ̀ ránṣẹ́, ìdáhùn orí fífọ́ ni yóò gbà. Nọ́ọ̀sì tó bá rí obìnrin yẹn tó ń wọlé bọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ wò, kó tó bèèrè ohunkóhun, yóò sì sáré wọn ìfúnpá rẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún lè yọrí sí gìrì, ó sì lè pa ìyá àti ọmọ. Aboyún náà kò purọ́ fún fóònù o. Kò kàn mọ̀ pé ẹsẹ̀ tó wú náà jẹ́ ara ọ̀rọ̀ ni.

Ìsọ̀rí kejì yàtọ̀, nítorí pé òṣìṣẹ́ ìlera ló wà láàárín ẹ̀rọ àti aláìsàn. Ní Nairobi, lórílẹ̀-èdè Kenya, àwọn ilé ìwòsàn 15 tó jẹ́ ti Penda Health dán irú rẹ̀ wò pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ OpenAI, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ síta ní oṣù keje, ọdún 2025. Bí òṣìṣẹ́ ìlera bá ti ń kọ ohun tó rí lára aláìsàn sórí kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ náà yóò máa kà á, bó bá sì rí ohun tó jọ àṣìṣe, yóò ta á lólobó. Nínú àbẹ̀wò aláìsàn 39,849 tí wọ́n yẹ̀ wò, àṣìṣe nínú mímọ àìsàn dín kù ní ìdá 16 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dọ̀ àwọn tó lo ẹ̀rọ náà, àṣìṣe nínú ìtọ́jú sì dín kù ní ìdá 13. Òṣìṣẹ́ náà ló ṣì ni ìpinnu. Ó lè gbà, ó sì lè kọ̀. Ohun kan tí wọ́n tún rí ni pé ẹ̀rọ náà kò wúlò tó bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi jókòó ti àwọn òṣìṣẹ́, tí wọ́n kọ́ wọn ní bí wọn yóò ṣe lò ó. Àwọn tó máa ń ra ẹ̀rọ wálé láìra ẹ̀kọ́ rẹ̀ mọ́ ọn ló yẹ kó gbọ́ ìyẹn.

Ọmọ Nàìjíríà náà wà nídìí iṣẹ́ ìsọ̀rí yìí. Charles Onu àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló dá Ubenwa sílẹ̀, orúkọ tó túmọ̀ sí ẹkún ọmọdé lédè Ìgbò. Ẹkún ọmọ tuntun ni ẹ̀rọ tiwọn ń gbọ́, láti mọ̀ bóyá ọmọ náà kò rí atẹ́gùn tó nígbà tí wọ́n ń bí i. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, ẹkún àwọn ọmọ tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní Mexico ni wọ́n fi kọ́ ẹ̀rọ náà, nítorí pé òun ló wà nílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ ìsọ̀rí yìí ti kan Nàìjíríà jù lọ ni ti ikọ́ ife, èyí tí àwọn elétò ìlera ń pè ní TB. Nàìjíríà wà lára orílẹ̀-èdè 30 tí WHO kà sí ibi tí àrùn náà ti gbilẹ̀ jù, òun ló sì ní aláàrùn TB tó pọ̀ jù nílẹ̀ Áfíríkà. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ látayébáyé ni pé dókítà tó mọ àwòrán X-ray í kà kò pọ̀, àwọn tó wà sì rọ̀ mọ́ ìlú ńlá. Ní oṣù kẹta, ọdún 2021, WHO fọwọ́ sí i pé kọ̀ǹpútà lè ka àwòrán igbá-àyà dípò èèyàn níbi tí wọ́n bá ti ń wá aláàrùn TB kiri, bí ẹni tí wọ́n ń yẹ̀ wò bá ti pé ọmọ ọdún 15 sókè. Nàìjíríà ti ń lò ó kó tó dìgbà náà. Àjọ KNCV gbé ọkọ̀ ńlá kan jáde, tí wọ́n pè ní Wellness on Wheels. X-ray wà nínú rẹ̀, kọ̀ǹpútà tó ń ka àwòrán, tí wọ́n ń pè ní CAD4TB, wà níbẹ̀, ẹ̀rọ GeneXpert tó ń yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wò sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Lẹ́yìn náà ni X-ray kékeré tó ṣeé gbé kọ́ èjìká dé. Ọ̀kan nínú wọn, èyí tí Fujifilm ṣe, kò wúwo ju kílógíráàmù 3.5 lọ. Ẹni tó bá mọ àwọn abúlé ojú omi tó wà láàárín Èjìnrín àti Ẹ̀pẹ́ yóò mọ ohun tí ẹ̀rọ tó ṣeé gbé wọ ọkọ̀ ojú omi lè ṣe fún wọn.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Wọn yóò ya àwòrán igbá-àyà onítọ̀hún. Láàárín ìṣẹ́jú kan, kọ̀ǹpútà yóò fún àwòrán náà ní máàkì, láti òdo dé 100. Bí máàkì náà bá ṣe ga sí ni ohun tó wà nínú àwòrán ṣe jọ TB sí. Kì í sọ pé “ó ní in” tàbí “kò ní in.” Èèyàn ló ń yan gbèdéke, tí wọn yóò ní kí ẹni tó bá ti kọjá iye kan lọ tutọ́ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sínú ike fún àyẹ̀wò GeneXpert. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò ti mọ̀ nìyí: gbèdéke náà kò dọ́gba níbi gbogbo. WHO kò fún ayé ní iye kan pàtó, ó ní kí ètò kọ̀ọ̀kan wá tirẹ̀, kí wọ́n wò ó mọ́ irú àwọn èèyàn tí wọ́n ń yẹ̀ wò. Bí wọ́n bá fi gbèdéke sísàlẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn tí kò ní TB ni wọn yóò ní kó wá tutọ́, owó àti àkókò yóò sì ṣòfò. Bí wọ́n bá gbé e sókè, àwọn tó ní in lóòótọ́ yóò bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ẹni tó ti ní TB rí, tó sì ti gbádùn, àpá rẹ̀ lè ṣì wà nínú ẹ̀dọ̀fóró, kó jẹ́ kí máàkì rẹ̀ ga lásán. Bó ṣe rí fún àwọn àgbàlagbà náà nìyẹn, ẹ̀rọ máa ń fura sí wọn ju bó ṣe yẹ lọ.

Ká wá ní apẹja kan ti ń wúkọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, máàkì rẹ̀ jẹ́ 47, gbèdéke sì jẹ́ 50. Bó bá jẹ́ pé nọ́ọ̀sì tó gbọ́rọ̀ ló wà níbẹ̀, ikọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà ni yóò tẹ̀ lé, yóò sì gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀. Níbí, ẹ̀rọ náà ń ṣèrànwọ́ ni. Bó bá jẹ́ pé ohun èlò GeneXpert ti tán nílẹ̀ ńkọ́, tí wọ́n kàn ń fi máàkì nìkan sọ pé kí ẹni báyìí máa lọ sílé, kí ẹni báyìí bẹ̀rẹ̀ oògùn? Ẹ̀rọ kan náà ni, wọn kò yí nǹkan kan padà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ń ṣe ti kúrò ní ti olùrànlọ́wọ́, ó ti di dókítà. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àròsọ lásán, nítorí pé owó ìjọba Amẹ́ríkà, nípasẹ̀ àjọ USAID, ló ń gbé apá ńlá nínú iṣẹ́ TB yìí dúró ní Nàìjíríà, ìjọba Amẹ́ríkà sì pa àjọ náà rẹ́ lọ́dún 2025. Kọ̀ǹpútà kì í tán nílẹ̀ bí ohun èlò àyẹ̀wò ṣe ń tán.

Ìdí nìyí tí pípín sí ìsọ̀rí nípa ẹni tí ẹ̀rọ ń bá sọ̀rọ̀ kò fi tó. Ó kù ká mọ bí ọ̀rọ̀ tó sọ ṣe wúwo tó. Ẹgbẹ́ àwọn àjọ tó ń ṣàkóso irinṣẹ́ ìṣègùn lágbàáyé, IMDRF, ti ṣe èyí lọ́dún 2014. Ohun méjì ni wọ́n gbé síra wọn. Èkíní ni bí àìsàn náà ṣe le tó: ṣé èyí tó lè pani lójú ẹsẹ̀ ni, ṣé èyí tó le díẹ̀ ni, àbí èyí tí kò le. Èkejì ni ohun tí wọn yóò fi ìdáhùn ẹ̀rọ náà ṣe: ṣé kí wọ́n kàn mọ̀ ni, ṣé òun ni yóò tọ́ka sí ohun tí dókítà yóò ṣe tẹ̀ lé e, àbí òun gan-an ni yóò sọ àìsàn tàbí ìtọ́jú. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti rí ipele mẹ́rin. Èyí tó ń ka ìṣísẹ̀ ẹni tó ń rìn fún ìlera wà nísàlẹ̀ pátápátá. Èyí tó ń sọ fún dókítà pé ẹ̀jẹ̀ ti ń ya nínú ọpọlọ ẹni tí rọpárọsẹ̀ kọlù wà lókè téńté.

Ẹ̀rọ tó dá ìpinnu ṣe kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó wà. Ní oṣù kẹrin, ọdún 2018, àjọ FDA ilẹ̀ Amẹ́ríkà fọwọ́ sí IDx-DR, èyí tó ń wo ẹyin ojú àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà láti mọ̀ bóyá àrùn náà ti dé ojú wọn. Òun ni àkọ́kọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí pé kó sọ èsì láìjẹ́ pé dókítà ojú kankan wo àwòrán náà. Wọ́n fún un láṣẹ lórí àìsàn kan ṣoṣo, lára irú àwọn èèyàn kan pàtó, pẹ̀lú irú kámẹ́rà kan pàtó. Ó yẹ kí àwọn tó ń polówó ẹ̀rọ tó mọ gbogbo àìsàn ronú lórí bí ààlà yẹn ṣe há tó.

Ìsọ̀rí kẹta, ti àwọn alákòóso, kì í pariwo, síbẹ̀ ó lè ṣe èèyàn níkà láìfọwọ́ kàn án. Ní oṣù kẹwàá, ọdún 2019, Ziad Obermeyer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé iṣẹ́ ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn Science, nípa ètò kan tí àwọn ilé ìwòsàn Amẹ́ríkà ń lò láti yan àwọn aláìsàn tó nílò àfikún ìtọ́jú. Iye owó tí wọ́n ti ná lórí èèyàn ni ètò náà fi ń wọn bí àìsàn rẹ̀ ṣe tó. Nítorí pé owó tí wọ́n ń ná lórí àwọn aláwọ̀ dúdú kéré, ó dà bíi pé ara wọn le. Àwọn olùwádìí náà ṣírò pé bí wọ́n bá tún un ṣe, ìdá àwọn aláwọ̀ dúdú láàárín àwọn tí wọ́n yàn yóò kúrò ní 17.7 nínú ọgọ́rùn-ún, yóò di 46.5. Kò sí ẹni tó kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí wọ́n rẹ́ aláwọ̀ dúdú jẹ. Owó ni wọ́n kọ síbẹ̀. Bí ètò adójútòfò kan bá wá fi iye ìgbà tí èèyàn lọ sí ọsibítù díwọ̀n àìsàn rẹ̀ níbí, ẹni tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọsibítù Jẹ́nẹ́rà ní Ìkòròdú ni yóò dà bí aláìsàn, ará abúlé tó gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi, kó tún wọ mọ́tò, kó tó rí dókítà, yóò sì dà bí ẹni tó le bí òkúta.

Ti ìsọ̀rí kẹrin ni ti ọ̀rọ̀ sísọ àti àkọsílẹ̀, ibẹ̀ ni èdè Yorùbá sì ti wọlé. Dókítà Tobi Olatunji dá Intron Health sílẹ̀ kí kọ̀ǹpútà lè máa gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì bí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ilẹ̀ Áfíríkà ṣe ń sọ ọ́, nítorí pé àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe lókè òkun kì í gbọ́ ohùn wọn dáadáa. Àkójọ ohùn tí wọ́n pè ní AfriSpeech-200, tó jáde láti ọ̀dọ̀ wọn, ní wákàtí 200 ọ̀rọ̀ nínú, láti ẹnu èèyàn 2,463, ní orílẹ̀-èdè 13, pẹ̀lú oríṣi ohùn 120. Ní oṣù kẹsàn-án, ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ pàápàá gbé N-ATLaS jáde, ẹ̀rọ èdè tó gbọ́ Yorùbá, Haúsá, Ìgbò àti Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọmọ Nàìjíríà. Ìgbésẹ̀ tó dára ni, ṣùgbọ́n ibi tí iṣẹ́ wà kò rọrùn. Yorùbá kì í fi ẹnu kan náà sọ ohun tó ń ṣe ara àti ohun tó ń ṣe ọkàn. Ẹni tó ní “àyà ń já mi” ẹ̀rù ló ń bà, ẹni tó ní “àyà ń dùn mí” ló nílò dókítà ọkàn. Ẹni tó ní “ojú ń kán mi” kò ní àrùn ojú, ìkánjú ló ní. “Inú ń bí mi” kì í ṣe ìrora ikùn, “inú ń run mí” ni ìrora ikùn. Ẹni tó gbọ́ Yorùbá láti kékeré kò ní ronú lẹ́ẹ̀mejì kó tó yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ̀rọ tó bá sì tẹ ọ̀rọ̀ láìsí àmì ohùn lè sọ ìjayà di àìsàn ọkàn fún ọmọbìnrin tó ń múra ìdánwò, tàbí kó sọ àìsàn ọkàn di ìjayà fún bàbá àgbà, èyí tó burú jù. Aláìsàn kò ní mọ̀, nítorí Gẹ̀ẹ́sì tó jáde lódì kejì kò ní hàn sí i.

Ta wá ni yóò dáhùn bí ó bá ṣẹlẹ̀? Ìbéèrè yìí ti pẹ́. Láàárín àwọn ọdún 1970, ní Yunifásítì Stanford, wọ́n ṣe ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ MYCIN, tó mọ oògùn tó yẹ fún àwọn kòkòrò tó ń wọ inú ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí wọ́n dán an wò, ó ṣe dáadáa, síbẹ̀ wọn kò lò ó fún aláìsàn lẹ́nu iṣẹ́ gidi, lára ohun tó sì dá wọn dúró ni ìbéèrè nípa ẹni tí ẹ̀bi yóò wà lọ́rùn rẹ̀.

Ní ìpínlẹ̀ Èkó, ojú tó ń ṣọ́ ètò ìlera kò ṣe ẹyọ kan. Àjọ HEFAMAA, tó wá láti inú òfin àtúnṣe ètò ìlera ọdún 2006, ló ń forúkọ àwọn ilé ìwòsàn sílẹ̀, ti ìjọba àti ti aládàáni, tó sì lè ti èyí tí kò bá kúnjú òṣùwọ̀n pa. Àjọ MDCN ló ń fún dókítà níwèé àṣẹ, òun ló sì lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. NAFDAC ló ni oògùn àti irinṣẹ́ ìṣègùn. Bí a bá wò ó, ọ̀kan ń wo ilé, ọ̀kan ń wo èèyàn, ọ̀kan ń wo ohun tí wọ́n ń lò. Ohun tó ń gbé inú fóònù kò ní ilé ní Ìkòròdú tí wọ́n lè ti pa, kì í ṣe èèyàn tí wọ́n lè gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, wọn kò sì gbé e gba ibodè kankan wọlé. Bí ó bá jẹ́ pé ilé ìwòsàn ló ń lò ó, ọ̀rọ̀ rọrùn: dókítà tó fọwọ́ sí èsì ló ni èsì. Bí ó bá jẹ́ pé aláìsàn ló dá a lò nílé rẹ̀, kò sí ẹnikẹ́ni láàárín òun àti ilé-iṣẹ́ tó lè jẹ́ pé òkè òkun ló wà.

Òfin tó sún mọ́ ọ̀rọ̀ yìí jù ni òfin ìdáàbòbò àkọsílẹ̀ ara ẹni, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú bu ọwọ́ lù ní ọjọ́ 12, oṣù kẹfà, ọdún 2023. Òfin náà ka ọ̀rọ̀ ìlera èèyàn mọ́ àwọn àkọsílẹ̀ tó gba ìṣọ́ra ju ti gbogbo ìgbà lọ. Ní abala 37 rẹ̀, ó fún èèyàn lẹ́tọ̀ọ́ pé kí wọ́n má fi ìpinnu tó jẹ́ ti ẹ̀rọ nìkan dè é, bí ìpinnu náà bá kan ìgbésí ayé rẹ̀ gidigidi. Ó ní àwọn ibi tí ẹ̀tọ́ yìí kò dé, ọ̀kan nínú wọn sì ni bí èèyàn bá ti fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí i. Bẹ́ẹ̀, àwọn èèyàn máa ń fọwọ́ sí i lórí fóònù láìka ohun tí wọ́n fọwọ́ sí. Àjọ NDPC ló ń bójú tó òfin náà, òun ló sì ń gba ẹ̀sùn.

Ẹni tí wọ́n bá wá sọ fún ní ilé ìwòsàn kan, yálà ní Ìkòròdú tàbí ní Ẹ̀pẹ́, pé ẹ̀rọ ti wo àwòrán tàbí àyẹ̀wò òun, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti bèèrè orúkọ dókítà tó wo èsì náà lẹ́yìn ẹ̀rọ, àti àyẹ̀wò mìíràn tó yẹ kó tẹ̀ lé e. Ní ti ikọ́ ife ní pàtó, ẹni tó bá ti ń wúkọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yẹ kó lọ fún àyẹ̀wò kẹ̀lẹ̀bẹ̀, yálà máàkì rẹ̀ ga ni o tàbí ó lọ sílẹ̀. Láwọn ilé ìwòsàn ìjọba tó ń tọ́jú TB, ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò náà, ọ̀fẹ́ sì ni oògùn rẹ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ aláìsàn yóò lò fún oṣù mẹ́fà.